Ìjò àti Ìtiro: Àyẹ̀wò Agbára Ségesège nínú Ọkọ̀ Onítọ́bò

1.0 Ìfáàrà

Ọkọ̀ tí ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì lè máa rìn dáadáa láàrin ìgboro Òṣogbo, kí agbára rẹ̀ sì dédé bọ́ lórí òkè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní ọ̀nà Iléṣà sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Láìpẹ́, agbára náà a tún padà. Ewu ni èyí fún awakọ̀ tí ó ń ya tírélà sílẹ̀ lọ́wọ́. Bí a bá sì kàn sọ pé tọ́bò ti kú, odidi ẹ̀rọ olówó ńlá ni a ó pààrọ̀, nígbà tí ó lè jẹ́ rọ́bà kékeré kan ni ó lu.

2.0 Oríkì àwọn ọ̀rọ̀

(i) Tọ́bò: ìhùmọ̀ Alfred Büchi, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Switzerland, ní 1905. Èéfín gbígbóná tí ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì a máa yí kẹ̀kẹ́ kan. Ọ̀pá kan ni ó so kẹ̀kẹ́ náà mọ́ èkejì tí ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì.

(ii) Àtìwọlé: afẹ́fẹ́ tí tọ́bò fi kún èyí tí ẹ́ńjìnnì lè fà fúnra rẹ̀.

(iii) Ìjò: kí àtìwọlé máa gba ojú ibi tí ó lu jáde.

(iv) Ìtiro: ipò tí ọpọlọ ọkọ̀, èyíinì ni kọ̀ǹpútà tí ń darí ẹ́ńjìnnì, fi ọkọ̀ sí láti dáàbò bò ó. A máa dín epo àti àtìwọlé kù.

3.0 Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn

Ìjò a máa fọn bí súfèé, èéfín dúdú a sì máa jáde nígbà tí a bá tẹ iná mọ́ ọkọ̀. Ìtiro kì í sábà fọn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí a bá pa ẹ́ńjìnnì tí a tún ṣí i, agbára a padà.

Ohun tí ó ṣòro jù nínú ìtiro ni pé àpọ̀jù lè bí àìtó. Nínú ọ̀pọ̀ tọ́bò òde òní, àwọn ìlẹ̀kùn irin pẹlẹbẹ kéékèèké ni wọ́n ń darí èéfín sára kẹ̀kẹ́. Bí ọkọ̀ bá ń rọra rìn ní ìgboro lójoojúmọ́, ìdọ̀tí dúdú èéfín lè mú wọn lẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá wá gun òkè, tí ó yẹ kí wọ́n ṣí, wọn kò ní í ṣí. Àtìwọlé a pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ọpọlọ ọkọ̀ a sì dá a dúró.

4.0 Ètò àyẹ̀wò

Ohun tí kò náni lówó ni ó yẹ kí ó ṣáájú:

(a) Kí a wo fílítà afẹ́fẹ́, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí eruku pọ̀.

(b) Kí a wo àwọn họ́ọ̀sì ńlá. Ibi tí ọ́ìlì bá ti rin síta lè jẹ́ ojú ìjò. Ojú tí ó là lè pa dé nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́.

(d) Kí a wo rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń fa ọ̀pá ìdarí tọ́bò. Ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ máa lọ, kí ó sì máa bọ̀ láìhá.

(e) Kí ẹlòmíràn, kì í ṣe awakọ̀, máa ka ẹ̀rọ àyẹ̀wò lórí òkè. Bí àtìwọlé bá ju iye tí ọpọlọ ọkọ̀ béèrè lọ, kí a fura sí ìlẹ̀kùn tí ó há. Bí kò bá tó o, kí a fura sí ìjò tàbí rọ́bà.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ó tó yẹ kí a tú tọ́bò.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

"Agbára bọ́" kò tó fún iṣẹ́ mẹkáníìkì, nítorí pé àmì ni, kì í ṣe àrùn. Bí ìjò bá ní orúkọ tirẹ̀, tí ìtiro náà ní tirẹ̀, a ó mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀.