Ìmúrasílẹ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà: SS1 ló yẹ kí òbí Òkè-Ògùn ti bẹ̀rẹ̀

Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọmọ tó fẹ́ di onímọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà rí. Kì í ṣe ọdún tó fẹ́ wọ yunifásítì ni ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, bí kò ṣe ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó yan iṣẹ́ tí yóò kọ́ ní SS1.

Láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí mọ̀ sí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni kí ọmọ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mélòó kan. Ẹ̀kọ́ náà wúlò, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ọkọ̀ wà yàtọ̀ sí ẹni tó mọ ọkọ̀ ṣe. Onímọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló ń ṣètò bí inú ẹ̀rọ yóò ṣe rí, bí iná yóò ṣe máa gba inú rẹ̀ kọjá, àti àṣẹ tí ẹ̀rọ náà yóò máa tẹ̀ lé. POS tí wọ́n fi ń gbowó lọ́jà, tẹlifóònù alágbèéká àti ẹ̀rọ àyẹ̀wò ilé ìwòsàn, ọwọ́ wọn wà nínú gbogbo rẹ̀.

Òfì àti kọ̀ǹpútà

Kí ará Ìsẹ́yìn má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí ilé òun. Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó sídìí òfì ló mọ̀ pé ńṣe ni ahunṣọ ń pín òwú sí òkè àti ìsàlẹ̀, kí ọ̀kọ̀ lè gba àárín wọn kọjá. Ní nǹkan bí ọdún 1804, Joseph Marie Jacquard, ará Faransé, ṣe òfì kan tó ń lo páálí tí wọ́n dá ihò sí. Ihò yìí ló ń sọ fún òfì òwú tí yóò gbé sókè àti èyí tí yóò fi sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Herman Hollerith lo páálí oníhò láti ka èsì ètò ìkànìyàn ọdún 1890, ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ sì wà lára àwọn tó para pọ̀ di IBM. Títí dòní, ohun méjì péré ni kọ̀ǹpútà mọ̀: ó wà tàbí kò sí, bí òwú tó lọ sókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀.

Iṣẹ́ mẹ́rin tó ń ṣílẹ̀kùn

Èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì ni ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí yóò ṣe nínú ìdánwò JAMB. Ó gbọ́dọ̀ ní krédíìtì nínú wọn àti nínú iṣẹ́ kan sí i ní WAEC tàbí NECO. Ọmọ tó bá sá fún físíìsì ní SS1 ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ láìmọ̀.

Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni JAMB ti ń ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé rẹ̀. Ìbéèrè 180 ni wọ́n ń dáhùn ní wákàtí méjì, èyí tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá 40 lọ fún ìbéèrè kan. Ọmọ oko tó bá jẹ́ pé gbọ̀ngàn ìdánwò ló ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yóò pàdánù àkókò. Ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀bù ti wúlò.

Ọ̀nà méjì

Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ yìí ń gbà ní yunifásítì. Wọ́n ń kọ́ ọ ní LAUTECH Ògbómọ̀ṣọ́, ní OAU Ilé-Ifẹ̀, ní Yunifásítì Ìlọrin àti ní FUTA Àkúrẹ́. LAUTECH ní ọgbà kan ní Ìsẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀; Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹ̀ka ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà wà.

Ọ̀nà kejì ni ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, irú èyí tó wà ní Ṣakí, tó ti jẹ́ ẹ̀ka Poli Ìbàdàn rí kó tó dá dúró ní 2014. Ẹni tó bá gba ìwé ẹ̀rí ND nínú ẹ̀kọ́ tó bá iṣẹ́ yìí mu, tí èsì rẹ̀ sì dára, lè gba ọ̀nà Direct Entry wọ ọdún kejì ní yunifásítì.

Kí wọ́n fara balẹ̀ tí wọ́n bá ń kọ fọ́ọ̀mù. Computer Science àti Computer Engineering kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bá kọ́ èkejì ni COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀, lè gbà wọlé lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan.

Owó ńkọ́?

Àgbẹ̀ tó ń fi owó iṣu àti kaṣú rán ọmọ níwèé mọ bí ọdún márùn-ún ṣe gùn tó. Láti ọdún 2024, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ NELFUND ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lówó láìsí èlé. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ilé ìwé fún tààrà. Gbèsè ni o, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ọmọ yóò san án padà nígbà tó bá ríṣẹ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀wé, ìbéèrè kan wà tí ẹ lè bi ọmọ yín ní ìparí sáà yìí: èló lo gbà nínú ìṣirò, èló lo sì gbà nínú físíìsì? Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá dára, ẹ tètè wá olùkọ́ tí yóò ràn án lọ́wọ́ kí ọjọ́ tó lọ.