Ìjálá àti Ewì Darandaran
Theocritus ará Sísílì ni a mọ̀ sí baba ewì darandaran, láti ọ̀rúndún kẹta ṣáájú Kírísítì. Virgil ará Róòmù tẹ̀ lé e. Èyí tí ó sún mọ́ ọn jù ní ilẹ̀ Yorùbá ni ìjálá, ewì àwọn ọdẹ, tí Adébóyè Babalọlá ṣe ìwé lé lórí ní 1966. Ìrìn ẹranko, ìrísí rẹ̀, àní adùn ẹran rẹ̀ lọ́bẹ̀, ni apìjálá ń kì. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ìmọ̀ iṣẹ́ ọdẹ ni. Níbẹ̀ gan-an ni ìṣòro olùkọ́ wà. Ilé ti gba ọ̀pọ̀ igbó Mowe, Ibafo àti Ifọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lè há oríkì ẹtu sórí láìrí ẹtu rí, àfi èyí tí wọ́n yan tà lẹ́bàá títì.