Ẹ Má Dákẹ́ Lórí Bẹ́ẹ̀dì: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Yorùbá Tó Ń Gba Ìtọ́jú Nílé Ìwòsàn NHS ní Íńgíláǹdì

Ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá wa ní Ìlú Ọba ni kì í fẹ́ wí nǹkan kan tí wọ́n bá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé nọ́ọ̀sì tí àwọn bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn lónìí ni yóò gún àwọn lábẹ́rẹ́ lọ́la. Àwọn mìíràn ní ẹni tó ń tọ́jú ẹni kì í ṣe ẹni tí à ń bá fa ọ̀rọ̀. A ò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n àwọn òfin tó de ilé ìwòsàn nílẹ̀ yìí lónìí, àwọn tó kọ̀ láti dákẹ́ ló bí wọn, ó sì yẹ kí ẹ mọ bó ṣe jẹ́ kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ lè béèrè fún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Stafford

Stafford jẹ́ ìlú kan ní àárín gbùngbùn Íńgíláǹdì. Láàárín 2005 sí 2009, ilé ìwòsàn ibẹ̀ di ibi tí ará ìlú ń bẹ̀rù láti gbé ẹbí wọn lọ. Mid Staffordshire, ilé iṣẹ́ tó ń darí rẹ̀, ń wá ipò tí wọ́n ń pè ní foundation trust lójú méjèèjì. Ilé ìwòsàn tó bá wà nípò yìí ló máa ń pàṣẹ lórí owó ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé ètò ìnáwó òun dúró dáadáa. Kí owó lè kù lọ́wọ́, wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù. Wọ́n rí ipò náà gbà ní oṣù Kejì 2008. Ìwé ìṣirò wọn mọ́. Wọ́ọ̀dù wọn ni kò mọ́.

Aláìsàn á tẹ aago títí, kò sẹ́ni tó máa yọjú. Arúgbó tí kò lè dá dìde lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á sùn sínú ìdọ̀tí ara rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Wọ́n á gbé oúnjẹ síbi tí ọwọ́ ẹni tó ń ṣàìsàn kò tó, wọ́n á tún padà wá kó àwo náà bó ṣe wà, bí ẹni pé ebi ò pa á ni. Àwọn ẹbí kan sọ fún ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn náà pé òùngbẹ gbẹ àwọn aláìsàn débi pé omi inú ìkòkò òdòdó ni wọ́n ń mu. Ní ẹ̀ka pàjáwìrì, ẹni tó ń kọ orúkọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí kò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn rárá, ló ń kọ́kọ́ wo bí àìsàn ẹni ṣe le tó.

Kì í ṣe pé òṣìṣẹ́ kankan ò sọ̀rọ̀. Helene Donnelly, nọ́ọ̀sì kan ní pàjáwìrì, fẹjọ́ sùn pé wọ́n ń yí àkókò tí àwọn aláìsàn fi dúró padà nínú ìwé, kó má bàa kọjá wákàtí mẹ́rin tí ìjọba là kalẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn débi pé kò lè dá rìn lọ sídìí mọ́tò rẹ̀ tílẹ̀ bá ti ṣú. Julie Bailey, tó ní ilé oúnjẹ kékeré kan nínú ìlú, pàdánù ìyá rẹ̀ nílé ìwòsàn náà ní 2007. Ó kó àwọn ẹbí tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ Cure the NHS sílẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Ẹ má rò pé gbogbo ìlú ló dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ o. Àwọn kan kórìíra rẹ̀, wọ́n ní ó fẹ́ ti ilé ìwòsàn àwọn pa, ó sì kó kúrò nílùú náà nígbẹ̀yìn.

Lọ́yà àgbà kan, Robert Francis, ló darí ìwádìí lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ó gbé ìròyìn àkọ́kọ́ jáde ní 2010, ó sì gbé èyí tó gbòòrò jáde ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì 2013, pẹ̀lú ìmọ̀ràn 290. Lọ́jọ́ náà gan-an ni David Cameron, olórí ìjọba nígbà náà, tọrọ àforíjì nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní 2014, wọ́n gba ilé ìwòsàn náà lọ́wọ́ Mid Staffordshire, wọ́n sì fi í sábẹ́ àwọn aláṣẹ mìíràn. County Hospital lorúkọ rẹ̀ báyìí.

Ohun tó yí padà

Orúkọ tuntun lórí pátákó kò dá ẹ̀mí ẹnikẹ́ni padà. Nínú gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e, èyí tó wúlò jù lójú tiwa ni òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìwòsàn NHS ní oṣù Kọkànlá 2014. Duty of candour ni wọ́n ń pè é. Bí àṣìṣe nínú ìtọ́jú bá fa ìpalára tí kì í ṣe kékeré, ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀, kó tọrọ àforíjì, kó ṣàlàyé ohun tó mọ̀, kó sì fi lẹ́tà tẹ̀ lé e. Wọn kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tí ẹ bá bi wọ́n. Àforíjì yẹn kò sọ wọ́n di ẹlẹ́bi níwájú òfin, nítorí náà wọn ò ní ìdí láti máa sá fún un. Òfin náà sì léyín: ní 2020, ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn lé àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn kan ní Plymouth, nítorí pé wọn kò tètè sọ òtítọ́ fún ẹbí ìyá arúgbó kan tó kú, wọn kò sì tètè tọrọ àforíjì.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì tàbí olùtọ́jú, ẹ̀yin náà ní tiyín nínú rẹ̀. Gbogbo ilé iṣẹ́ NHS ló gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tí òṣìṣẹ́ lè bá sọ ohun tí kò tọ́. Freedom to Speak Up Guardian ni wọ́n ń pe onítọ̀hún.

Àyípadà kan wà tó dà bí ohun kékeré. Dókítà ni Kate Granger, àrùn jẹjẹrẹ ló sọ òun náà di aláìsàn, ó sì rí i ní 2013 pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá tọ́jú òun kì í sọ orúkọ wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé kí òṣìṣẹ́ máa kí aláìsàn, kí wọ́n sì máa sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ìran tó mọ iyì ìkíni bíi tiwa kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín láìsọ orúkọ, ẹ bi í. Kì í ṣe àfojúdi.

Gbogbo rẹ̀ kò tíì dára. Ní 2021, Martha Mills, ọmọ ọdún 13 tó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, kú ní King's College Hospital, tí kò jìnnà sí Peckham tí àwa Yorùbá pọ̀ sí. Àwọn òbí rẹ̀ ń sọ pé ara ọmọ náà ń burú sí i, àwọn dókítà kò ka ọ̀rọ̀ wọn sí. Adájọ́ tó wádìí ikú rẹ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe kó yè ká ní wọ́n tètè gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe. Èyí ló bí Martha's Rule, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024. Bí ẹ bá rí i pé ara ẹni yín ń burú sí i, tí wọ́n sì ń sọ pé kò sí nǹkan, nọ́ńbà kan wà tí ẹ lè pè tọ̀sán-tòru kí àwọn oníṣègùn mìíràn wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ béèrè nọ́ńbà náà lọ́jọ́ tí ẹ bá dé wọ́ọ̀dù, kì í ṣe ìgbà tí ẹ̀mí bá ti wà lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ àìdákẹ́ yìí kan ẹ̀yin aboyún gan-an, nítorí ọdọọdún ni ìròyìn ń fi hàn pé obìnrin dúdú ń kú nínú oyún tàbí lẹ́yìn ìbímọ ju obìnrin funfun lọ nílẹ̀ yìí.

Bí ẹ ṣe lè sọ tẹnu yín

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣolórí wọ́ọ̀dù ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló máa ń tán síbẹ̀. Bí kò bá tán, ẹ lọ sí PALS (Patient Advice and Liaison Service), ọ́fíìsì kan nílé ìwòsàn náà. Iṣẹ́ wọn ni láti dúró láàárín aláìsàn àti ilé ìwòsàn, wọn kì í sì í gbowó.

Bí ẹ bá fẹ́ kó di ẹ̀sùn gidi, oṣù 12 lẹ́ ní láti ìgbà tí nǹkan ọ̀hún ṣẹlẹ̀ tàbí tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ lè fẹnu sọ ọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwọn ti rí i gbà. Ẹ máa kọ déètì, àkókò àti orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, nítorí ohun tó dájú lójú ẹni lónìí lè dàrú tó bá di oṣù mẹ́fà. Fún àwọn tí ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà: ìwé ẹ̀sùn kò gbọdọ̀ wọ inú fáìlì ìtọ́jú yín, wọn kò sì gbọdọ̀ torí rẹ̀ dín ìtọ́jú yín kù. Bí èsì wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Parliamentary and Health Service Ombudsman, tó máa ń yẹ ẹ̀sùn tí ilé ìwòsàn kò yanjú wò. Ọ̀fẹ́ ni.

Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ Yorùbá fún yín. NHS ló ń sanwó rẹ̀. Ẹ má fi ọmọ kékeré ṣe ògbufọ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣègùn wúwo jù fún ọmọdé, àwọn nǹkan kan sì wà tí ìyá kò ní lè sọ lójú ọmọ rẹ̀. Bí aláìsàn bá sì ti kú, ẹbí rẹ̀ lè fẹ̀sùn kan ilé ìwòsàn lórúkọ rẹ̀.