Ogún inú páálí: Ọkọ̀ ojú irin ìṣeré àwọn ará Amẹ́ríkà

Bí bàbá bá kú nílẹ̀ Yorùbá, ilé, ilẹ̀, oko àti aṣọ ni àwọn ọmọ máa ń bá nílẹ̀ láti pín. Ní Amẹ́ríkà, pàápàá ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi New York, New Jersey àti Pennsylvania, ohun mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń bá ní òkè àjà tàbí ní yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ohun náà ni páálí ògbólógbòó tí ọkọ̀ ojú irin ìṣeré wà nínú rẹ̀. Àlejò lè pè é ní ohun ìṣeré ọmọdé lásán. Ṣùgbọ́n ọdún Kérésìmesì ìdílé náà, láti ogójì tàbí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ni ó wà nínú páálí yẹn.

Àṣà wọn ni pé bí oṣù Disẹ́ḿbà bá dé, tí wọ́n sì ti gbé igi Kérésìmesì kalẹ̀ sí pálọ̀, bàbá yóò to irin yí ìdí igi náà ká, yóò sì gbé ọkọ̀ lé e lórí. Bàbá tí kì í bá ọmọ ṣeré láti oṣù Jánúárì títí di Nòfẹ́ḿbà yóò wá dojú délẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, tòun tọmọ. Bí ọdún bá ti kọjá, wọn a kó gbogbo rẹ̀ padà sínú páálí.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ àṣà yìí jù lọ ni Joshua Lionel Cowen, tí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ Lionel sílẹ̀ ní New York ní ọdún 1900. Ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ ṣe kì í ṣe ti ọmọdé rárá. Ọkọ̀ ẹrù kékeré kan ni, tí ń fi iná mànàmáná rìn yípo nínú wíńdò ìsọ̀, kí àwọn tí ń kọjá lè dúró wo ọjà. Ìtàn sọ pé ọkọ̀ náà gan-an ni àwọn ènìyàn ń béèrè iye tí à ń tà á. Nígbà ogun àgbáyé kejì, láti ọdún 1942, Lionel dáwọ́ ọkọ̀ ìṣeré dúró, ó ń ṣe ohun èlò fún àwọn ológun ojú omi. Ní ọdún 1946 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ẹ́ńjìnnì tí ń tú èéfín: wọn a ju oògùn funfun kékeré kan, bíi tábúlẹ́ẹ̀tì, sínú ihò èéfín, ọkọ̀ a sì máa rú èéfín lọ. Àwọn ọdún 1950 ni ọjà náà tà jù lọ. Cowen ta ìpín rẹ̀ ní ọdún 1959, ó sì kú ní ọdún 1965. Nítorí náà, ọmọ tí a ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún nígbà náà ti di arúgbó lónìí, tàbí kí ó ti dolóògbé, kí àwọn ọmọ tirẹ̀ sì máa wo páálí náà.

Ìdánwò tí ó kọ́kọ́ ń bá ẹni tí ó jogún rẹ̀, tí kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ni ìdánwò ọ̀dà. Ó rí i pé ara ọkọ̀ ti họ, ó sì fẹ́ kùn ún kí ó rí bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Àmọ́ ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni ó họ ibẹ̀, nígbà tí ó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Bí ọ̀dà tuntun bá ti bo ojú rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dá a padà mọ́. Àwọn olùkójọ pàápàá sábà máa ń sanwó lórí èyí tí ọ̀dà ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀ ju èyí tí a tún kùn lọ. Ẹ wo ọkọ̀ tí Lionel ṣe fún àwọn ọmọbìnrin ní ọdún 1957, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ píǹkì. Ọjà náà kùtà pátápátá. Lónìí, píǹkì tí a kọ̀ nígbà náà gan-an ni àwọn olùkójọ ń fi owó gọbọi wá kiri.

Iná ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Iná 120 fóòtì ni ó ń wọ ilé wọn níbẹ̀. Tíráńsífọ́mà inú páálí ni ó ń dín in kù kí ó tó dé ojú irin. Rọ́bà tí ó bo wáyà rẹ̀ máa ń gbẹ, a sì máa sán bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá fi irú rẹ̀ sí iná láìyẹ̀ ẹ́ wò lè sun ilé bàbá àti ogún inú rẹ̀ pọ̀. Bí wáyà bá ti sán, ó di ọwọ́ oníṣẹ́ iná kí ó tó di ọwọ́ ajogún.

Lẹ́yìn èyí ni fífọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ tó fún ara ọkọ̀ tí a fi ike ṣe, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ́ kúrò lórí ẹ́ńjìnnì. Kí a yẹra fún àwọn lẹ́tà ara rẹ̀, nítorí òmíràn jẹ́ òǹtẹ̀ tí a kàn tẹ̀ mọ́ ọn, tí yóò bá omi lọ bí a bá fi agbára nù ún. Kí a má ṣe ha ọ̀dà àtijọ́, torí òjé lè wà nínú rẹ̀, eruku òjé kò sì dára fún ọmọdé. Ní ti irin tí ó dọ̀tí, ọ̀pọ̀ ni yóò nawọ́ mú kànìnkànìn irin tí a fi ń fọ ìkòkò. Àṣìṣe ńlá ni. Láti ọdún 1950 ni Lionel ti ń fi òòfà sí ẹsẹ̀ àwọn ẹ́ńjìnnì kan kí wọ́n lè di ojú irin mú. Òòfà yìí yóò fa àwọn fọ́nrán irin kéékèèké náà wọ inú ẹ́ńjìnnì, wọn yóò sì bà á jẹ́. Aṣọ tí a ti sípíríìtì bọ̀ sàn jù.

Ohun tí ó ń tan àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ jù ni èyí: wọ́n fún ọkọ̀ níná, ó ń kùn bí oyin, ṣùgbọ́n kò rìn. Wọn a ní ó ti kú, wọn a sì tú u palẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò kú. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Lionel, bí a bá gé iná tí a sì tún fún un, ọkọ̀ á yí ipò padà: yóò lọ síwájú, yóò dúró, yóò lọ sẹ́yìn, yóò tún dúró. Ipò ìdúró ni a bá a. Kí a gé iná náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí a tún fún un. Bí kò bá sì gbọ́, kí a nu kábọ́ọ̀nù méjèèjì àti ojú bàbà tí wọ́n ń fara kàn. Gíríìsì àtijọ́ tí ó ti le bí ọ̀dà ni kí a họ kúrò lára àwọn eyín kí a tó fi tuntun sí i. Epo kò gbọdọ̀ ju ẹ̀kán kan lọ ní ibi kọ̀ọ̀kan, láti orí abẹ́rẹ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọkọ̀ rẹ̀ ti rí kí ọwọ́ tó kàn án lè lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ẹgbẹ́ àwọn olùkójọ, Train Collectors Association, ní Strasburg ní Pennsylvania. Ọdún 1954 ni a dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pínpín ṣì kù, níbi tí àgbà nìkan ti lè báni dá sí i. Bí ọmọ kan bá mú ẹ́ńjìnnì, tí èkejì mú ọkọ̀ ẹrù, tí ẹ̀kẹta gbé tíráńsífọ́mà lọ, kò sí ẹni tí ó jogún nǹkan kan. Ó sàn kí ó wà lódindi lọ́wọ́ ẹnì kan, pẹ̀lú páálí rẹ̀ àti ìwé pélébé tí yóò sọ ẹni tí ó ni ín àti ohun tí a tún ṣe lára rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí a óò dán an wò, ẹ́ńjìnnì nìkan ni kí a kọ́kọ́ gbé lé irin. Bí ó bá rìn yípo dáadáa, kí a so ọkọ̀ kan mọ́ ọn, kí a tún so èkejì. Ọkọ̀ pupa kékeré tí gíláòbù wà nínú rẹ̀ ni ó máa ń wà ní ìdí.