Ọjọ́ Méjì ní Ilé-Ifẹ̀: Ẹ Wo Ilẹ̀ Tí Ẹ Ń Tẹ̀

Ìrìnàjò afẹ́ la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lónìí, Ilé-Ifẹ̀ sì ni a ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń dé Ifẹ̀, tí á ya fọ́tò nídìí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, tí á gbé e sórí Instagram, tí á sì wọ mọ́tò padà sílé. Ṣùgbọ́n ìṣúra Ifẹ̀ tó pọ̀ jù, abẹ́ ẹsẹ̀ yín ló wà.

Níbo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀? Mùsíọ́ọ̀mù tó wà nítòsí ààfin Ọọ̀ni ni. Ẹ fara balẹ̀ wo àwọn orí idẹ tó wà níbẹ̀. Lọ́dún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ló kan irú orí bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tún kan àwọn ère mìíràn ní Ìta Yemòó. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ rí wọn o, àwọn tó ń walẹ̀ ni. Ọ̀kan nínú àwọn orí ti 1938 ṣì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Wọ́n á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ orí, wọ́n á fi ìda oyin bò ó, wọ́n á sì fín ojú, imú àti ẹnu sára ìda náà. Wọ́n á tún fi amọ̀ bo ìda yẹn. Tí iná bá mú un, ìda á yọ́ jáde, àyè á ṣófo, ibẹ̀ ni wọ́n máa da idẹ yíyọ́ sí. Tó bá tutù, wọ́n á fọ́ amọ̀ ìta dànù. Ìdí nìyẹn tí orí kan kò fi jọ èkejì délẹ̀délẹ̀.

Láti ibẹ̀, ẹ lọ síbi Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Òkúta ni, ó ga ju mítà márùn-ún lọ, wọ́n sì kan ìṣó irin mọ́ ọn lára. Ẹ ya fọ́tò yín, kò burú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń rìn láàárín ìlú, ẹ máa wolẹ̀. Ní àwọn ibì kan, ẹ ó rí àpáàdì tí wọ́n tò lóòró, tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni Lúwòó, tó jẹ́ obìnrin, ló pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ́ ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tó gbẹgẹ́. Ilé ń pọ̀ sí i ní Ifẹ̀ lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá da kọnkéré lé àpáàdì yẹn lórí, ó parí nìyẹn. Òfin ní kí ẹni tó bá hú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi tó ìjọba létí. Ẹ̀yin àlejò náà, ẹ má ki ẹyọ kan bọ àpò. Tí ẹ bá dé ojúbọ, ẹ kí àwọn àgbà ibẹ̀, kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó gbé fóònù sókè.

Ọjọ́ kejì, ẹ gba ọ̀nà Iléṣà lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirin ti ń já láti orí òkè. Ìpele méje ni wọ́n ní ó ní. Ti àkọ́kọ́ rọrùn láti dé, àwọn tó kù gba agbára. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀, ẹ má sì da ọ̀rá síbẹ̀.

Tí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ kan tó ń kọ́lé ní Ifẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó dìgbà kan ná.