Ta Ló Kọ́kọ́ Sọ Ọ́? Ẹ̀kọ́ Tí Mo Rí Kọ́ Lára Àwọn Obìnrin Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìṣòwò

Ní sáà tó kọjá, mo dá àbá kan ní sẹ́mínà wa. Kò sẹ́ni tó fèsì. Kò pẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́kùnrin kan tún un sọ, gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́, olùkọ́ sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo rò pé bóyá ohùn mi ló kéré. Ìgbà tí mo ka ìtàn àwọn obìnrin ní Harvard Business School ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju ohùn lọ.

Ọdún 1908 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò yìí sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin nìkan ni wọ́n sì ń gbà. Ní 1937, Radcliffe, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin tó wà nítòsí Harvard, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan fún àwọn obìnrin. Àwọn olùkọ́ Harvard ń kọ́ wọn níbẹ̀, síbẹ̀ kì í ṣe oyè MBA ni wọ́n ń fún wọn. Ní 1959, wọ́n gbà kí àwọn tó bá parí ẹ̀kọ́ ti Radcliffe wọ ọdún kejì MBA. Ó di 1963 kí obìnrin mẹ́jọ tó wọlé láti ọdún kìíní. Ọdún márùndínlọ́gọ́ta gbáko ni! Ní 1969, Lillian Lincoln Lambert di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba oyè náà.

Ilẹ̀kùn ti ṣí, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ká wọlé, ọ̀tọ̀ ni ká gbọ́ ohùn ẹni nínú ilé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Níbẹ̀, olùkọ́ kì í pe nóòtì fún akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ bíi tiwa. Akẹ́kọ̀ọ́ á ka ìtàn ilé-iṣẹ́ kan tó wà nínú ìṣòro, wọn á sì jọ jiyàn lé e lórí ní kíláàsì: bí ìwọ bá ni ọ̀gá, kí lo máa ṣe? Ọ̀rọ̀ ẹnu yìí ní máàkì, ó sì lè tó ìdajì máàkì kọ́ọ̀sì. Nígbà náà, bí kíláàsì bá parí, olùkọ́ á ronú padà sí ẹni tó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ohun tó bá rántí ni yóò fún ní máàkì.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Máàkì àwọn obìnrin ń rẹ̀yìn. Lẹ́yìn tí Nitin Nohria di olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà ní 2010, wọ́n fi akọ̀wé sínú kíláàsì láti máa kọ ohun tí kálukú sọ. Wọ́n tún ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń fi han olùkọ́ bóyá ọkùnrin ló ń pè jù. Láàárín ọdún díẹ̀, àlàfo máàkì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Kì í ṣe òye àwọn obìnrin náà ló yí padà. Wọ́n kàn dẹ́kun fífi ìrántí lásán ṣe ìdájọ́.

Ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa ńkọ́? Nígbà tí mo ní mo fẹ́ díje nínú ẹgbẹ́ wa, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé, "Lọ du igbákejì ààrẹ, ipò obìnrin nìyẹn." Mo ka ìwé òfin ẹgbẹ́ tán, n kò rí i níbẹ̀. Ẹfúnróyè Tinúbú ṣòwò títí ó fi di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864. Ìbùkún Awóṣìkà, tó ka kẹ́mísírì ní Ifẹ̀, di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ alága First Bank ní 2015.

Ohun méjì ni mo ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ní sẹ́mínà tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa kọ ẹni tó kọ́kọ́ dá àbá sílẹ̀, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin. Èkejì: bí ẹ bá rí orúkọ mi nínú ìbò, ẹ má wá a lọ sí ìlà igbákejì. Fọ́ọ̀mù ààrẹ ni mo gbà.