Ọmọ mi, Yorùbá àti fídíò

Nígbà tí mo bímọ ní Peckham, èmi nìkan ni mò ń sọ Yorùbá nínú ilé. Kò sí màmá àgbà, kò sí aládùúgbò tó máa yà wá kí ọmọ. Mo wá ń tan fídíò Yorùbá fún un látàárọ̀ dalẹ́. Àṣé ara mi ni mò ń tàn o!

Ní 2003, Patricia Kuhl àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Seattle kó àwọn ọmọ oṣù 9 jọ, tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń gbọ́ nílé. Àwọn tí ẹni tó ń sọ Mandarin bá ṣeré lójúkojú nígbà 12 dá ìró èdè náà mọ̀. Àwọn tó wò ó nínú fídíò ò rí nǹkan kan kọ́.

Ní báyìí, ìyá mi ló ń pè wá láti Ìbàdàn. Tọ́mọ bá ti rẹ́rìn-ín lórí fóònù, màmá á ki oríkì rẹ̀, òun náà á tún fi igbe dáhùn.